Bí Ẹ Ṣe Lè Tú Àlọ́ Ìgbà Òtútù Palẹ̀: Kókó, Bó Ṣe Ń Rí Lára, àti Ìwà Ẹ̀dá Ìtàn

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàlàyé àlọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Wọn ò tíì ka ìtàn dé ìdajì tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ìtàn yìí kọ́ wa pé ká máa hùwà rere." Gbólóhùn náà kò burú, àmọ́ ẹgbẹ̀rún àlọ́ ló gbà á, kò sì sọ ohunkóhun nípa èyí tó wà níwájú wa. Àlọ́ ìgbà òtútù ló tilẹ̀ máa ń tan èèyàn jù, torí ojú àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń hàn kedere: ọmọ rere gba èrè, ọmọ burúkú jìyà, ó parí. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín yìí yàtọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò, ká tó wo òtútù fúnra rẹ̀, ká tó wo bí ìtàn ṣe ń rí lára, ká tó wá kan ìwà àwọn tó wà nínú rẹ̀. Kókó ni yóò kẹ́yìn.

Àlọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Morozko la ó fi ṣe é. Alexander Afanasyev, ẹni tó tẹ àlọ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà jáde láàárín ọdún 1855 sí 1863, tẹ oríṣi rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn á sì wúlò fún wa níwájú. Èyí tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ọmọdé la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ sọ ìtàn náà ní ṣókí láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí:

Bàbá arúgbó kan ní ọmọbìnrin kan. Ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn náà ní ọmọbìnrin tirẹ̀. Ìyàwó ní kí ọkọ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sínú igbó nígbà tí òtútù mú gan-an. Bàbá sunkún, ó gbé ọmọ náà sínú ọkọ̀ tí ẹṣin ń wọ́ lórí yìnyín, ó já a sílẹ̀ lórí òkìtì yìnyín lábẹ́ igi ńlá kan, ó sì padà sílé. Morozko, ìyẹn Òtútù tó di èèyàn, ń fò láti orí igi kan dé èkejì. Ó sún mọ́ ọmọ náà, ó bi í bóyá ara rẹ̀ móoru. Ọmọ náà ní ara òun móoru. Òtútù túbọ̀ mú, Morozko tún béèrè, ìdáhùn kò yí padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ahọ́n ọmọ náà ò fẹ́ẹ́ lè yí mọ́, síbẹ̀ ó ní ara òun móoru. Morozko fi ẹ̀wù onírun bò ó, ó sì fún un ní ẹ̀bùn rẹpẹtẹ. Nílé, ìyàwó ti ń ṣe oúnjẹ òkú rẹ̀. Ajá tó wà lábẹ́ tábìlì gbó pé ọmọ bàbá ń bọ̀ nínú wúrà àti fàdákà. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ìyàwó ní kí wọ́n tètè gbé ọmọ tòun náà lọ síbẹ̀. Morozko bi í ní ìbéèrè kan náà. Ọmọ náà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun ti gan, kí Morozko kúrò lọ́dọ̀ òun. Níkẹyìn ó gégùn-ún fún un. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé.

Ẹ ó rí i pé kò sí "òǹrorò," "onírẹ̀lẹ̀" tàbí "alágídí" níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn jẹ́ ìdájọ́, ẹ ò sì tíì gbọ́ ẹjọ́. Bí irú rẹ̀ bá ti wọ inú ṣókí yín, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ohun tí ẹni náà ṣe rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ irú òtútù tí wọ́n ń sọ

Ẹ má kàn kọ ọ́ pé "inú igbó nígbà òtútù ni ibùdó ìtàn" kí ẹ sì kọjá. Ibí yìí ló yẹ kí èèyàn ti fara balẹ̀, pàápàá ẹni tí kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí yìnyín rí. Ní Rọ́ṣíà, òtútù lè lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n -30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Moscow, ojúmọmọ kì í ju bíi wákàtí 7 lọ ní ìparí oṣù December. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ máa ń gbé ìró mì, gbogbo igbó á wá pa lọ́lọ́. Ohun tó kù téèyàn ń gbọ́ ni igi: omi inú rẹ̀ ti dì, igi náà á máa sán pá! pá! bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ nínú òkùnkùn.

Ìró yẹn gan-an ni àlọ́ yìí sọ di Morozko tó ń fò láti orí igi dé orí igi. Ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ á rò pé asọ̀tàn ń dárà lásán. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rí i pé ohun tí àwọn ará abúlé ń gbọ́ ní òru ni wọ́n fún ní ara, ẹnu àti orúkọ. Ìfohunpènìyàn tó ti inú ayé àwọn tó ni ìtàn wá nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àlàyé yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iṣẹ́ tí òtútù ń ṣe. Ẹ má tíì béèrè ohun tó ń ṣàpẹẹrẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fún ìyàwó bàbá, ohun ìjà tí kì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni: kò lu ọmọ náà pa, ojú ọjọ́ ló rán níṣẹ́. Fún bàbá, àwáwí ni, torí kò fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnikẹ́ni. Fún àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, òtútù ni ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ wá wo ibi tí ooru wà. Inú ilé tí ààrò ti ń jó ni wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú. Inú yìnyín níta ni àánú ti wá. Bí ẹ bá rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nínú àlọ́ èyíkéyìí, ẹ fa ìlà sí i nídìí, ẹ ó padà wá bá a.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tẹ́tí sí bí ìtàn ṣe ń rí lára

Ìlànà kan ṣoṣo ni mo ní níbí, mi ò sì gbọdọ̀ rọ̀ ọ́: ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé ìtàn bani lẹ́rù tàbí pé ó bani nínú jẹ́ láìfi ìka kan ọ̀rọ̀ tó fà á. Ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìró, ìmọ́lẹ̀, ara èèyàn, àti ooru tàbí òtútù. Ẹ ó rí i pé wọ́n máa ń ṣùpọ̀ síbì kan. Ibi tí wọ́n ti ṣùpọ̀ ni ìmọ̀lára ti le jù.

Ẹ tún ya ohùn asọ̀tàn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀yin ń mọ̀ lára. Asọ̀tàn Morozko kì í káàánú ẹnikẹ́ni. Ó ní bàbá já ọmọ sílẹ̀, ó sì lọ. Gbólóhùn kan, ó tán. Gbígbẹ tí ohùn náà gbẹ ló mú kí ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn, torí kò sí ẹni tó bá wa sunkún níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibì kan dáadáa. Ọmọ ṣì wà nínú igbó, ìyàwó bàbá rẹ̀ sì ń dín blini, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ṣe. Blini wà lára oúnjẹ tí àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń jẹ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí òkú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ohùn sókè: obìnrin kan ń se oúnjẹ òkú ẹni tí kò tíì kú. Òórùn dídùn ń bọ̀ láti orí ààrò, ilé móoru. Ajá wá gbó lábẹ́ tábìlì pé ọmọ bàbá ń bọ̀ pẹ̀lú wúrà àti fàdákà, pé kò sí ẹni tó máa fẹ́ ọmọ ìyàwó. Obìnrin náà ju blini kan sí i, ó ní kó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ajá jẹ blini tán, ó tún sọ ohun tó sọ tẹ́lẹ̀. Ó tún fún un ní òmíràn, ó tilẹ̀ lù ú. Ọ̀rọ̀ ajá kò yí.

Ẹ̀rín ń pa èèyàn níbẹ̀, ikú sì wà nínú ẹ̀rín náà. Ẹ má gbìyànjú láti mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé "ìbànújẹ́ ni ìtàn yìí kún fún" kò gbọ́ ajá yẹn. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀rù àti ẹ̀rín jọ wà nínú ilé kan náà, kí ẹ sì fi ajá náà jẹ́rìí.

Ohun mìíràn tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni awítunwí. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo bó ṣe rí lára ní ìgbà kejì. Géètì ilé yìí han gooro lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ tí wọ́n ti ṣèrántí rẹ̀ ló wọlé nínú ẹ̀wù olówó iyebíye. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá sáré jáde láti pàdé ọrọ̀, ó ṣí ohun tí wọ́n fi bo ọkọ̀ náà, ó sì rí òkú ọmọ rẹ̀. Ìró kan náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ajá ṣáájú ti mọ ohun tó ń bọ̀, obìnrin náà ò mọ̀, ìyẹn ló mú kí àyà wa já kó tó ṣí aṣọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìwà ẹ̀dá ìtàn

Ẹ̀dá inú àlọ́ kì í ronú sókè. Asọ̀tàn kì í wọ inú wọn, nítorí náà ẹ má ṣe fún wọn ní ìrònú tí ìtàn kò fún wọn. "Ó ń jowú ẹwà ọmọ náà" lè jẹ́ òótọ́ nínú ìtàn mìíràn. Bí kò bá sí nínú èyí tí ẹ ń kà, ẹ fi sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ dìrọ̀ mọ́: ohun tí ẹni náà ṣe, ohun tó sọ nígbà tó nira fún un láti sọ̀rọ̀, àti ohun tó yẹ kó sọ tí kò sọ.

Ìyàwó bàbá rọrùn, kò yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Kí ẹ sáà ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ kan náà ló rán ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan láti pa ọmọ ọlọ́mọ, èkejì láti sọ ọmọ tirẹ̀ di ọlọ́rọ̀. Ìfẹ́ ló fi rán ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ka igbó yìí sí ibi ikú ní àná ti ń kà á sí ibi ọrọ̀ lónìí. Èrè ló kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò kọ́ bí ọmọ bàbá ṣe rí èrè náà gbà.

Bàbá ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ó sunkún, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Nínú ọ̀kan lára àwọn oríṣi tí Afanasyev tẹ̀, ó súre fún ọmọ náà pẹ̀lú àmì àgbélébùú kó tó yára lọ sílé, kí ojú rẹ̀ má bàa rí ikú ọmọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: àdúrà wà lẹ́nu, ẹsẹ̀ sì ń sá. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìpínrọ̀ kan tí olùkọ́ kò tíì kà lọ́wọ́ ogójì akẹ́kọ̀ọ́, bàbá yìí ni kí ẹ kọ nípa rẹ̀.

Ọmọ bàbá wá ńkọ́? Ibí ni wàhálà wà, ibí náà ni adùn ìtàn wà. Gbogbo èèyàn ń pè é ní olóòótọ́ ọmọ. Àmọ́ irọ́ ló pa. Ahọ́n rẹ̀ ti ń kú lọ, ó ní ara òun móoru. Ẹnì kejì tí wọ́n ń pè ní ọmọ burúkú ló sọ òótọ́: ọwọ́ rẹ̀ ti gan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Àlọ́ yìí fún opurọ́ ní wúrà, ó sì pa ẹni tó sọ òótọ́. Bí àlàyé yín kò bá lè dáhùn èyí, ẹ ò tíì ṣàlàyé Morozko.

Morozko fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni rere, kì í sì í ṣe ẹni ibi. Òun ló mú kí òtútù náà le sí i ṣáájú kó tó béèrè bóyá ó móoru. Ẹ má fi "onínúure" pè é torí pé ó fúnni lẹ́bùn. Ọwọ́ tó fi ẹ̀wù bo ọ̀kan náà ló sọ èkejì di òkú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ kókó, kí ẹ sì fi ibi tó ta kò ó dán an wò

Kókó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. "Sùúrù" kì í ṣe kókó, "ìwà ìkà" náà kì í ṣe kókó. Àkọlé ni wọ́n. Gbólóhùn tó ní ohun tó ń sọ ni kókó, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ lè bá a jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká dán méjì wò. Àkọ́kọ́: "Ẹni tó bá sọ òótọ́ á gba èrè." Ẹ ti rí i pé ìtàn fúnra rẹ̀ ló pa èyí. Èkejì: "Ẹni tó bá ní sùúrù á gba èrè." Èyí sàn díẹ̀, àmọ́ kò ṣàlàyé ìdí tí Morozko fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ sùúrù nìkan ni, ọmọ náà ì bá jókòó jẹ́ẹ́ kó má fèsì. Ìbéèrè wà, ìdáhùn wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ náà.

Ẹ padà lọ wo ohùn àwọn ọmọ méjèèjì. Ọ̀kan pe Morozko ní bàbá. Èkejì pàṣẹ fún un pé kó kúrò, ó sì gégùn-ún fún un. Èyí ni èmi á fi kọ ọ́: níwájú agbára tó lè pa èèyàn, ìtàn yìí kò bèèrè òótọ́, ọ̀wọ̀ ló ń bèèrè. Ẹ lè má fẹ́ràn kókó yẹn. Èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀ tán, torí ó sún mọ́ kí a sọ fún ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà pé kó máa rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ alàlàyé ni láti sọ ohun tí ìtàn ń sọ. Bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, ìpínrọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ó ṣì ku bàbá. Ó gbé ọmọ méjì lọ sínú ikú, ìyà kankan kò jẹ ẹ́. Kókó mi kò gbé ìyẹn. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìtàn dákẹ́ lé lórí, mi ò sì ní fipá mú un wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn

Ẹ kọ́kọ́ wá oríṣi mìíràn tí àlọ́ náà ní. Nínú oríṣi Afanasyev tí bàbá ti ṣe àmì àgbélébùú, ọmọ náà kò pa irọ́ kankan. Nígbà tí Òtútù dé, ó kí i káàbọ̀, ó ní ó dájú pé Ọlọ́run ló rán an wá gba ẹ̀mí òun. Irọ́ ti lọ, ọ̀wọ̀ ṣì wà. Kókó tí a kọ lẹ́ẹ̀kan ṣì dúró, ó tilẹ̀ lágbára sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àlọ́ Oṣù Méjìlá ti àwọn ará Slovakia, tí Božena Němcová kọ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún 19. Ìyàwó bàbá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Maruška rán an jáde nínú yìnyín oṣù January láti lọ já òdòdó, kó tún wá èso strawberry, kó tún wá èso ápù. Ó bá ọkùnrin méjìlá níbi iná lórí òkè, àwọn oṣù inú ọdún ni wọ́n. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun yáná, òtútù ń gbọ̀n òun. Òótọ́ ló sọ! Ó jẹ́wọ́ òtútù, wọ́n sì ràn án lọ́wọ́, torí pé ó tọrọ àyè. Nígbà tó kan ápù, méjì péré ló já, ó kó méjì náà, ó lọ. Holena, ọmọ tí ìyàwó bàbá náà bí, dé ibi iná kan náà láìkí ẹnikẹ́ni, ó fi January tó béèrè ohun tó ń wá bú, yìnyín sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ fi méjèèjì sórí tábìlì. Nínú ọ̀kan, ọmọ tó yè sẹ́ òtútù; nínú èkejì, ó jẹ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni bí wọ́n ṣe bá ẹni tó ju wọn lọ sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni àwíjàre yín ti máa jáde, kì í ṣe láti inú orí yín.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́

Ìpínrọ̀ kan tó dára máa ń ní ohun tí ẹ sọ, ibi tí ẹ ti rí i, àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Irú èyí:

"Nínú Morozko, inú ilé ni òtútù gidi wà. Ìyàwó bàbá ń dín àkàrà òkú lórí ààrò tó ń jó nígbà tí ọmọ náà ṣì ń mí nínú igbó. Morozko tó jẹ́ Òtútù fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹ̀wù onírun bò ó. Asọ̀tàn pààrọ̀ ipò ooru àti yìnyín, kí a lè rí i pé kì í ṣe ojú ọjọ́ ló ń lé ọmọ kúrò nílé."

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú èyí fúnra yín, ẹ wá àlọ́ Snegurochka, ọmọ tí tọkọtaya arúgbó tí kò bímọ fi yìnyín mọ. Níbẹ̀, òtútù ló ń mú ọmọ náà wà láàyè. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́ nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ràn, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pè é wá fo iná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fò ó, ó sì di ìkùukùu tó gòkè lọ. Ẹ má gbé "òtútù ni ìkà" láti inú Morozko wọ ibẹ̀. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, kí ẹ sì fara balẹ̀ wo ẹni tó ní kó lọ, ohun tí ẹni náà fẹ́ fún un, àti ohun tí Snegurochka fúnra rẹ̀ sọ kó tó fò.